Ilé mi wà ní Ṣùúrùlérè, iléeṣẹ́ wà ní Kútọnu: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ará Ojúẹlẹ́gbà:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Iléeṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù wọlé ní èbúté Kútọnu ti gbà mí síṣẹ́. Ìwé owó àti àkọsílẹ̀ ẹrù ni màá máa bá wọn tọ́jú lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kò pọn dandan kí n kó wá sọ́dọ̀ wọn. Kí n jókòó sí Èkó, kí n máa wá sí ọ́fíìsì fún ọjọ́ méjì ní ìparí oṣù. Owó oṣù náà ju èyí tí mò ń gbà ní Àpápá lọ, sẹ́fà ni wọ́n sì fẹ́ fi san án. Tíṣà ni ìyàwó mi níbí, ọmọ wa sì ti wọ iléèwé, nítorí náà a ò lè kúrò ní Ṣùúrùlérè.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn pọ̀. Ta ni màá san owó orí fún? Báwo ni owó yẹn ṣe máa dé ọwọ́ mi tí kò ní jó dànù lójú ọ̀nà? Bí ara ọmọ ò bá yá ńkọ́? Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ńkọ́? Ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́, èdè Faransé ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì ní kí n fọwọ́ sí i kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti gba irú ọ̀nà yìí rí, kó bá mi sọ̀rọ̀.

Àǹtí Yaba:
Ẹ kú oríire o. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fún yín yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wọn sọ. Ẹ má fọwọ́ síwèé tí ẹ ò lè kà, bó ti wù kí owó ibẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ èwo nínú méjèèjì ló máa lékè bí àríyànjiyàn bá dé. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ yín dénú ò ní torí èyí bínú.

London ni iléeṣẹ́ tèmi wà, Yaba ni mo sì ti ń bá wọn ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó wo owó oṣù nínú ìwé yẹn, ẹ wo ohun tí wọ́n pè yín. Ṣé òṣìṣẹ́ ni, àbí agbaṣẹ́ṣe? Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́, ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún, iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó yín létí kí wọ́n tó dá yín dúró, owó nígbà àìsàn, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ agbaṣẹ́ṣe, ẹ̀yin lẹ máa ru gbogbo ìyẹn fúnra yín, owó tí wọ́n bá pè sì gbọ́dọ̀ fi dáadáa ju ti òṣìṣẹ́ lọ. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí àwọn ọmọ wa tó ń gba owó agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n ń ṣe wàhálà òṣìṣẹ́: aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá kan ṣoṣo, wọ́n á sì tún tọrọ àyè kí wọ́n tó lè gbé ìyá wọn lọ sílé ìwòsàn. Ẹ bi wọ́n kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Oníṣirò Èbúté Mẹ́tà:
Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣe ìwé owó orí, irú ìbéèrè yìí sì ti wá pọ̀ gan-an lọ́fíìsì mi. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti owó orí ní kíkún, torí ibẹ̀ ni ìyà ti máa ń jẹ èèyàn lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ibi tí ẹ ń gbé ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí ọ̀gá yín jókòó sí. Ilé yín, ìyàwó yín, ọmọ yín, Ṣùúrùlérè ni gbogbo wọn wà. Ọjọ́ méjì péré lóṣù lẹ máa lò ní Kútọnu. Ẹni tó bá lo ọjọ́ 183 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Nàìjíríà láàárín oṣù 12, òfin kà á sí olùgbé, ó sì tún ń wo ibi tí ilé àti ẹbí rẹ̀ wà. Olùgbé ń san owó orí lórí gbogbo ohun tó bá wọlé fún un, ì báà ti òkè òkun wá, ì báà ti ẹ̀yìn odi Sẹ̀mẹ̀ wá. Nítorí pé Èkó lẹ ń gbé, LIRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí fún Ìpínlẹ̀ Èkó, lẹ máa san án fún.

Ní Àpápá, ọ̀gá yín ló ń yọ owó orí kí owó oṣù tó dé ọwọ́ yín, ẹ lè má tilẹ̀ fiyè sí i. Iléeṣẹ́ Kútọnu tí kò ní ọ́fíìsì kankan níbí kò ní bá yín ṣe ìyẹn. Owó oṣù máa wọlé ní odindi, ó máa dà bíi pé ó pọ̀, bẹ́ẹ̀ apá kan rẹ̀ kì í ṣe tiyín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣírò rẹ̀, tí ẹ máa kọ ọ́ sórí ìkànnì LIRS, tí ẹ máa san án. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni òpin fún owó tó wọlé ní ọdún tó ṣáájú.

Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, wọn ò gba nǹkan kan lórí rẹ̀. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀lé ìyẹn, ìdá 18. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gòkè títí dé ìdá 25 lórí owó tó bá kọjá ₦50,000,000. Àyè wà láti yọ ìdá 20 nínú owó ilé tí ẹ ń san lọ́dún kí ẹ tó ṣírò, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ máa yọ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ẹ tọ́jú rìsíìtì onílé.

Ká ní owó sẹ́fà yín, tí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, jẹ́ ₦6,000,000 lọ́dún, tí owó ilé yín jẹ́ ₦1,500,000. Ìdá 20 owó ilé yẹn jẹ́ ₦300,000. Ó ku ₦5,700,000 tí a máa ṣírò lé. A mú ₦800,000 àkọ́kọ́ kúrò. Ìdá 15 nínú ₦2,200,000 jẹ́ ₦330,000. Ó ku ₦2,700,000, ìdá 18 rẹ̀ jẹ́ ₦486,000. Àpapọ̀ ₦816,000 lọ́dún, ìyẹn ₦68,000 lóṣù. Ọjọ́ tí owó bá wọlé gan-an ni kí ẹ ti ya ₦68,000 yẹn sọ́tọ̀ sínú àkáǹtì tí kò ní káàdì. Ẹni tó bá dúró di oṣù Kẹta kó tó wá ₦816,000 lẹ́ẹ̀kan náà, mo ti rí i bí ojú rẹ̀ ṣe máa ń rí lẹ́nu ọ̀nà mi.

Ohun kan kù. Bí Kútọnu náà bá yọ owó orí tiwọn kí wọ́n tó sanwó, ẹ rí i pé ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lóṣooṣù. Ìwé yẹn lẹ máa gbé kalẹ̀ níbí kí wọ́n lè gbé e yẹ̀wò, kí owó kan má baà san orí ẹ̀ẹ̀mejì.

Ọmọ Mushin:
Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò, mi ò rí yín fín o. Ṣùgbọ́n owó tó ń ti ìta wọlé, ta ló ń rí i? Mo mọ àwọn tó ń gba dọ́là tí wọn ò san kọ́bọ̀ rí. Ọ̀nà ò dáa, omi kò sí, iná kò dúró. Kí ni wọ́n ń fi owó ọ̀hún ṣe fún wa?

Oníṣirò Èbúté Mẹ́tà:
Ọmọ Mushin, inú ń bí èmi náà tí mo bá gba ọ̀nà àdúgbò mi kọjá lọ́jọ́ òjò. Ohun tí o sọ nípa ọ̀nà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n báńkì ń rí owó náà, BVN rẹ sì so gbogbo àkáǹtì rẹ pọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọjọ́ ń bọ̀ tí o máa nílò ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tó lè bá ọ rà á lọ́jà.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Iléeṣẹ́ Toronto ni ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ láti inú yàrá wa. Nígbà tí a ń ṣe ìwé ilẹ̀ wa ní Ìkòròdú, ìwé owó orí ọdún mẹ́ta wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó ti ń san án láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ará Ojúẹlẹ́gbà, ẹ jẹ́ kí n mú ti onílé wá, torí ẹnì kankan ò tíì mẹ́nu bà á. Nígbà tí a ń wá ilé, bàbá onílé kan gba lẹ́tà iṣẹ́ ọkọ mi, ó kà á tán, ó yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní òun ò rí nọ́ńbà fóònù Èkó kankan níbẹ̀. Bí a bá jẹ òun lówó ilé, ta ni òun máa lọ bá? A mú àkọsílẹ̀ báńkì oṣù mẹ́fà wá, a sì mú onídùúró kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba wá, kó tó gbà fún wa. Nítorí náà, ẹ ní kí iléeṣẹ́ yín kọ lẹ́tà kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, kí iye owó oṣù àti ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, kí nọ́ńbà ẹni tó máa gbé fóònù náà wà níbẹ̀. Ẹ gbà á nísinsìnyí tí ìfẹ́ ṣì gbóná láàárín yín. Iléèwé ọmọ lè béèrè rẹ̀, báńkì náà lè béèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àìsàn tí ẹ béèrè: bí iléeṣẹ́ bá tilẹ̀ ní ètò ìlera, Kútọnu ló ti máa wúlò. Lóru tí ara ọmọ bá gbóná, ilé ìwòsàn Ṣùúrùlérè lẹ máa gbé e sáré lọ. Òfin tó jáde ní 2022 ti sọ ètò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, ẹ má sì rò pé ti òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ nìkan ni. Ìlera Èkó, ètò ìjọba ìpínlẹ̀ tí LASHMA ń bójú tó, ń gba ẹbí wọlé lápapọ̀. Ẹ lọ béèrè iye rẹ̀, kí ẹ fi wé ti àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, kí ẹ sì wò ó bóyá ilé ìwòsàn tó wà nítòsí yín wà lórí àkọsílẹ̀ wọn. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju orúkọ ńlá lọ.

Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Lábẹ́ òfin ọdún 2014, ọ̀gá yín ní Àpápá ń fi ìdá 10 sí i, ẹ̀yin náà ń fi ìdá 8. Oṣù tí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ìdá 18 yẹn ti dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó máa fi fóònù pè yín láti sọ fún yín. RSA yín, ìyẹn àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì yín, ṣì wà, tiyín ni títí ayé. Ẹ lọ bá àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ bi wọ́n bí ẹ ṣe lè máa dá fi owó sí i lábẹ́ ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2019 fún àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n pè ní Micro Pension nígbà náà. Nígbà tí ẹ bá ń bá Kútọnu dúnàádúrà, ẹ ka ìdá 10 tí ẹ pàdánù yẹn mọ́ owó oṣù.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ìjókòó o. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, Kútọnu ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ní ẹbí ní Bàrígà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ máa wò nínú ìwé Faransé yẹn.

Lókè pátápátá, ẹ máa rí CDI tàbí CDD. CDI ni iṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ ìparí. CDD ní ọjọ́ ìparí, ẹ wá ọjọ́ náà kí ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rí “prestataire” tàbí “prestation de services”, agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n pè yín yẹn, ọ̀rọ̀ tí Àǹtí Yaba sọ nìyẹn. “Période d'essai” ni àkókò ìdánwò. “Préavis” ni iye àkókò tí wọ́n máa fi tó yín létí kí wọ́n tó dá yín dúró. Níbi owó oṣù, ẹ wò ó bóyá “brut” ni wọ́n kọ tàbí “net”. “Brut” ni owó tí wọn ò tíì yọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ti fi “brut” ṣe ìṣirò inú ilé wọn kí wọ́n tó wá rí i pé owó ọ̀hún kọ́ ló ń dé ọwọ́.

Bí wọ́n bá kọ yín sílẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ibí, wọ́n máa yọ owó CNSS, ìyẹn ilé owó ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú òṣìṣẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, wọ́n á sì yọ ITS, owó orí lórí owó oṣù. Ẹ bèèrè ní kedere: ṣé ẹ máa kọ mí sílẹ̀ ní CNSS? Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gba nọ́ńbà yín. Bí wọ́n bá ń yọ owó tí wọn ò fún yín ní nọ́ńbà, ẹ dá wọn dúró níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan: nọ́ńbà fóònù ibí ti di mẹ́wàá láti ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 2024, 01 ló ń ṣáájú. Bí nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà wọn bá jẹ́ mẹ́jọ, ti àtijọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n FESTAC:
Èmi máa sọ̀rọ̀ lórí owó. Sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Kútọnu so mọ́ yúrò. 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan láti 1999, kò sì tíì yẹ̀. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá ń san sẹ́fà fún yín, bí yúrò ṣe ń rìn sí náírà ni owó yín ṣe máa rìn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ràn kí àwọn kọ iye kan pàtó ní náírà sínú ìwé kó lè rọrùn, ẹ má gbà. Mo rántí oṣù Kẹfà 2023 nígbà tí CBN tú owó náírà sílẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, dọ́là kan kò tó ₦500 ní ọjà ìjọba. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tí wọ́n kọ owó oṣù rẹ̀ ní náírà lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìta nígbà yẹn ń gba iye kan náà nígbà tí ìrẹsì ti di ìlọ́po. Sẹ́fà tàbí yúrò ni kí wọ́n kọ.

Bó ṣe máa dé ọwọ́ yín: àkáǹtì dọ̀m tí àwọn báńkì wa ń ṣí, dọ́là, pọ́n-ùn àti yúrò ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ẹ bá iléeṣẹ́ sọ̀rọ̀ bóyá wọ́n lè fi yúrò ránṣẹ́ sínú dọ̀m yín láti báńkì wọn. Ẹ béèrè ẹni tó máa san owó ìfiránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ni. Bí báńkì kan bá tún wà láàárín tó ń gé díẹ̀ kó tó dé, ó lè jẹ́ oṣù àkọ́kọ́ lẹ máa tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó kékeré dán an wò.

Àwọn kan máa ní kí ẹ gba owó lọ́wọ́ ní Kútọnu, kí ẹ lọ ṣẹ́ ẹ ní Sẹ̀mẹ̀. Mo kìlọ̀ fún yín gan-an lórí èyí. Yàtọ̀ sí ewu ojú ọ̀nà, owó tí kò gba inú báńkì kọjá kò ní àkọsílẹ̀. Bàbá onílé tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn ò ní gbà á, LIRS náà ò ní mọ bí ẹ ṣe rí i.

Bàbá Onímọ́tò Mile 2:
Ọmọ mi, ọ̀nà Mile 2 sí Sẹ̀mẹ̀ ni mò ń wa mọ́tò. Láti Ṣùúrùlérè, má wulẹ̀ bá wọn jà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Òrílé. Wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line ní National Theatre, òun ló máa gbé ọ dé Mile 2. Láti 2023 ló ti ń gbé èrò. Ibẹ̀ ni wàá ti wọ mọ́tò Sẹ̀mẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀hún ò jìnnà, bíi 120 kìlómítà ni láti Èkó dé Kútọnu, ṣùgbọ́n ọ̀nà Badagry tí wọ́n ti ń ṣe láti 2009 ni o máa bá pàdé. Má dá a lé pé wàá kúrò nílé láàárọ̀ kí o bá ìpàdé aago mẹ́wàá. Lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú.

Lẹ́yìn Badagry, ibi tí wọ́n ti ń dá mọ́tò dúró pọ̀. Mú ìwé ìrìnnà rẹ dání, kó má jẹ́ èyí tó máa tó parí. Mú káàdì yẹ́lò ti àjẹsára ibà pọ́njú dání. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n ṣe ní 1979 fún ọ ní àyè láti wọ Bẹ̀nẹ̀ láìgba físà, kí o sì lo ọjọ́ 90. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kàn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀ fún ọ nígbà tí o bá ń wọlé àti nígbà tí o bá ń jáde. Àwọn ọmọkùnrin tó ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà máa sọ pé kí o fún àwọn ní owó díẹ̀ kí àwọn mú ọ kọjá kíákíá lórí ọ̀kadà. Má bá wọn lọ. Wọ inú ilé ìyẹ̀wò tó ga yẹn, èyí tí wọ́n ṣí ní 2018 tí àwọn ìlú méjèèjì jọ ń lò. Dúró lórí ìlà. Kí o tó kúrò níwájú wíńdò, ṣí ìwé rẹ, wo òǹtẹ̀ náà, wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ bóyá ó hàn. Èrò mi kan, òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣú dùdù tí a ò lè ka ọjọ́, nígbà tó ń bọ̀ wọ́n dá a dúró títí gbogbo èrò tó kù fi ń ké pè mí pé kí n máa lọ.

Ohun kan tún wà. Oṣù Kẹjọ 2019 ni wọ́n ti ẹnubodè yìí, oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Mo jókòó sílé. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé bí wọ́n bá ti ẹnubodè, wíwá tí o kò lè wá kò ní di ẹ̀ṣẹ̀.

Àǹtí Yaba:
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹnubodè yẹn ò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé, ẹ fi èyí sínú rẹ̀ pátápátá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Accra ni iléeṣẹ́ tèmi wà, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń bá wọn ṣiṣẹ́. Accra ń fi wákàtí kan tẹ̀lé Èkó lẹ́yìn, ìyẹn máa ń da ìpàdé rú díẹ̀. Ti yín rọrùn, torí aago kan náà ni Kútọnu àti Èkó ń lò.

Iná àti íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Báńkì dákẹ́, ọ́fíìsì dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kan náà. Ní ti iná, ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò yín bóyá Band A ni òpópónà yín wà. Láti oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n ti ní kí àwọn yẹn máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, owó wọn sì ga. Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, ínfátà kékeré tó lè gbé kọ̀ǹpútà àti ráútà ti tó láti bẹ̀rẹ̀, ẹ má tí ì ra ti gbogbo ilé. Kí ẹ sì mọ ibi kan ní Yaba tí ẹ lè sáré lọ. Ọ́fíìsì àjùmọ̀lò pọ̀ níbẹ̀, ẹ sì lè sanwó ọjọ́ kan.

Ta ló ń sanwó dátà àti epo? Ẹ bi wọ́n. Iléeṣẹ́ tèmi ń san apá kan.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú:
Ọjọ́ ìsinmi náà o! Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ni òmìnira Bẹ̀nẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ni tiwa. Tí ìwé kò bá sọ ti ìlú wo ni ẹ máa tẹ̀lé, ẹ lè bá ara yín lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ méjèèjì.

Ará Ojúẹlẹ́gbà:
Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo kọ̀wé sí wọn lánàá, wọ́n sì ti fèsì. Wọ́n gbà láti fi ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́, wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. CDI ló wà lókè ìwé, inú mi dùn sí ìyẹn. Owó tí wọ́n kọ, “brut” ni, gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Àjàṣẹ́ ṣe sọ. Wọ́n ní àwọn máa kọ mí sílẹ̀ ní CNSS. Wọ́n gba ti ẹnubodè, wọ́n gbà láti máa fi yúrò ránṣẹ́ sí dọ̀m mi, owó ìfiránṣẹ́ di tiwọn. Ti dátà àti epo ni wọn ò gbà. Ìyàwó mi ní kí n béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn àkókò ìdánwò.

Ohun méjì ló kù tí mo fẹ́ bi yín. Bí wọ́n bá ń yọ ITS níbẹ̀, ṣé mo ṣì máa kọ owó náà sílẹ̀ fún LIRS? Bí ìjà bá sì dé, ṣé Èkó ni mo ti máa pè wọ́n lẹ́jọ́?

Oníṣirò Èbúté Mẹ́tà:
Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Odindi owó náà lẹ máa kọ, kì í ṣe èyí tó kù lẹ́yìn ìyọkúrò, ẹ ó sì so ìwé ẹ̀rí ITS oṣù 12 mọ́ ọn. Ẹ ní kí ẹ̀ka owó wọn máa fún yín ní ìwé owó oṣù tó fi ìyọkúrò kọ̀ọ̀kan hàn. Kí oṣù Kìíní tó parí, ẹ mú gbogbo rẹ̀ wá bá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn oṣù Kẹta, torí nígbà náà gbogbo Èkó ló máa wà lórí ìkànnì yẹn.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ní ti ẹjọ́, apá ìparí ìwé lẹ ti máa rí i, níbi tí wọ́n bá kọ “juridiction compétente” tàbí “litiges”. Bí wọ́n bá kọ ilé ẹjọ́ Kútọnu síbẹ̀, Kútọnu lẹ máa wá rojọ́, pẹ̀lú agbẹjọ́rò tó gbọ́ Faransé. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹ máa kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́ láàárín ara yín fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹnì kankan tó lọ sílé ẹjọ́. Ẹ fi dúdú bo orúkọ iléeṣẹ́ àti orúkọ yín, kí ẹ ya fọ́tò ojú ìwé tó kẹ́yìn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Màá kà á lálẹ́ òní tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá fún yín, ìlà kọ̀ọ̀kan.